Ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́sìrì n'Íbàdàn, àwọn tó wà láàárín ọdún méjì ààbọ̀ sí márùn-ún. "Àǹtí" làwọn òbí ń pè mí, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gétì bi láàárọ̀ ni mo fi ṣe àkọlé yẹn. Nígbà tó bá fi máa kàn mí, wọ́n ti bi ìyá ọkọ, wọ́n ti bi wòlíì, wọ́n ti bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní kọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ti ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ọmọ ti pé ọdún mẹ́rin. Mi ò fẹ́ kẹ́rù bà yín o, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, torí ọpọlọ ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ṣì tutù, ohun tó rọrùn láti kọ́ ọ báyìí máa gba wàhálà tó bá ti dàgbà tán.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Ó ti lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta nígbà tí wọ́n mú un wá sí kíláàsì mi. Tí mo bá ní "ẹ dìde", á jókòó, ìgbà tó bá rí i pé àwọn tó kù ti dìde lòun náà máa tó dìde. Mo pè é ní aláìgbọràn. Mo mú un lọ sẹ́yìn kíláàsì pé kó lọ jókòó síbẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kan òjò ńlá dé, páànù lásán ló sì wà lórí wa, kò sí síìlì, ariwo ẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọmọ fọwọ́ di etí, àwọn méjì bú sẹ́kún. Òun kọjú sí ògiri, ó ń to búlọ́ọ̀kù ẹ̀ lọ, pupa lórí pupa, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo rìn lọ sẹ́yìn ẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Kò yíjú. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Etí ọmọ yẹn ti ń ṣọyún látìgbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, òróró gbígbóná ni wọ́n sì ń ro sí i nílé, awọ inú etí méjèèjì ti lu. Mo wá lọ fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé kò gbọ́ mi, ó ṣì ń dùn mí dòní. Látọjọ́ náà, etí ni mo kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo òbí.

1. Ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ rí

Ìwé àwọn ọmọ sùkúù lásán ti tó. Fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ máa kọ ohun tójú yín rí sínú ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. "Ọlọ́pọlọ kékeré" kì í ṣe ohun tójú rí, "olórí kunkun" náà kì í ṣe ohun tójú rí, ìdájọ́ lẹ́ ẹ ti ṣe yẹn. Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́: "Mọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti kíṣìnnì, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó wò mí." Tàbí: "Ó fẹ́ omi, ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí fíríìjì, kò wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan." Ẹ kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà o, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé tí ò ní nǹkan míì ju ohun tí ọmọ ò lè ṣe lọ, ààbọ̀ ìwé ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe yẹn la máa gùn lé kọ́ ọ ní ìyókù.

Ẹ tún fi fóònù yín ya fídíò ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, nígbà tó ń dá ṣeré, nígbà tó ń bá ọmọ míì ṣeré, nígbà tó ń jẹun. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, ọmọ á máa sunkún tàbí kó ti sùn, dókítà ò ní rí nǹkan kan, fídíò yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

2. Ẹ wo ohun tó yẹ kó ti máa ṣe lọ́jọ́ orí ẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìlera wọn tó ń jẹ́ CDC ní àkọsílẹ̀ kan tó wà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún un ṣe ní 2022, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni ohun tí ó kéré tán ọmọ 75 nínú 100 ti ń ṣe tó bá pé ọjọ́ orí yẹn. Èyí tí mo máa ń lò nínú ẹ̀ rèé. Oṣù 9, kó yíjú tẹ́ ẹ bá pe orúkọ ẹ̀. Oṣù 12, kó máa juwọ́ pé ó dàbọ̀, kó sì ní orúkọ tó ń pe ìyá tàbí bàbá ẹ̀. Oṣù 18, kó máa dá rìn láì di nǹkan mú, kó sì máa nàka sí nǹkan tó wù ú kó lè fi hàn yín. Ọdún méjì, kó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "màmá wá" tàbí "omi dà". Ọdún méjì ààbọ̀, ó yẹ kó ti ní bí ọ̀rọ̀ 50, kó sì lè fò sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ kó fèsì, kẹ́ ẹ tún sọ kó tún fèsì, kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé sì máa gbọ́ ohun tó ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọdún mẹ́rin, gbólóhùn tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti eré àfarawé, kó máa ṣe bíi ìyá tó ń dáná tàbí tíṣà. Ọdún márùn-ún, kó lè sọ ìtàn tí nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ìnàka yẹn, torí òun làwọn òbí kì í kà sí. Ọmọ tó rí ẹyẹ lórí igi, tó nàka sí i, tó wá yíjú wo ojú yín bóyá ẹ̀yin náà ti rí i, ọmọ yẹn ti ń bá yín sọ̀rọ̀ láì yanu. Èyí tó bá pé oṣù 18 tí kì í nàka fi nǹkan hàn èèyàn, tí kì í wo ojú, tí ọwọ́ yín ló kàn máa ń mú bí ìgbà téèyàn mú ṣíbí, ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò kódà tó bá ń ka ABC bí ọ̀gá. Ohun kan tún wà tí kò gba ìdúró rárá: ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ tó wá dáwọ́ ẹ̀ dúró, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá sì bí i ṣáájú oṣù ẹ̀, ká ní oṣù méjì ló fi yá, ẹ yọ oṣù méjì yẹn kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣírò, títí á fi pé ọdún méjì.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ èdè. Ó pọ̀ jù nínú ìlú wa yìí kí wọ́n sọ fún ìyá pé Yorùbá àti gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ pa pọ̀ ló ń da ọmọ lórí rú, kó pa Yorùbá tì. Irọ́ ni. Èdè méjì kì í fa kí ọmọ má sọ̀rọ̀, ọmọ tó ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ náà lè gbọ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ tó mọ̀, ẹ ka ti èdè méjèèjì pọ̀. Ìyá tí gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu tó wá ń fi gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀, "come, sit, eat" ló máa ń mọ síbẹ̀, kò ní lè bá a tàkúrọ̀sọ, kò ní lè kì í, kò ní lè pa àlọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an lọmọ yẹn nílò. Èdè tẹ́ ẹ fi ń lá àlá ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

3. Etí ṣáájú, lẹ́yìn náà ojú

Nílé, ẹ dúró sẹ́yìn ẹ̀ níbi tí kò ti lè rí òjìji yín, kí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa, kẹ́ ẹ fohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ mi kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà ẹ ya lẹ́dà bisikíìtì. Ẹ kọ èyí tó yíjú sí. Ẹ má pàtẹ́wọ́ nítòsí ọrùn ẹ̀ bíi tèmi o, atẹ́gùn ọwọ́ yín lè kàn án lára kó yíjú, kẹ́ ẹ wá rò pé ó gbọ́. Tó bá tiẹ̀ yíjú sí gbogbo ẹ̀, ẹ ṣì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ etí wò, torí ọmọ lè gbọ́ ìró nílẹ̀ kó má gbọ́ ìró òkè, á gbọ́ ìlù, kò ní gbọ́ "s" àti "f", ọ̀rọ̀ á wá dà bí ìgbà tẹ́nìkan ń kùn. Tétí bá ń ṣọyún, ẹ má ro nǹkan kan sí i, kò sí òróró, kò sí àdí, kò sí hydrogen peroxide, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, àwọn tí wọ́n ń pè ní ENT.

Tójú, ẹ wò bóyá ó ń gbé ìwé mọ́jú gan-an, bóyá ojú kan ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò ẹ̀ tí ẹyinjú kan ń tàn funfun nínú fọ́tò nígbà tí èkejì pupa, ẹ má fi ọ̀la ṣe, dókítà ojú lọ́jọ́ náà.

4. Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ bí i

Dókítà á bi yín, ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé yẹn ṣáájú. Ṣé ó ké nígbà tẹ́ ẹ bí i? Ṣé ojú ẹ̀ pọ́n, ìyẹn ni pé ibi funfun ojú ẹ̀ di yẹ́lò? Ṣé ó ní gìrì rí, mélòó, ó pẹ́ tó wo? Ṣé ó ní ibà tó le tàbí àìsàn ọrùn gígan?

Ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú ọmọ tuntun yìí, mo máa tẹnu mọ́ ọn fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún máa bímọ. Tí ohun tó ń sọ ojú di yẹ́lò yẹn bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń wọ ọpọlọ, ó ń ba etí jẹ́, ó ń fa èyí tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy, tí ara ọmọ á le gbagidi tàbí kó rọ jọ̀bọ̀. Oòrùn òwúrọ̀ àti glúkóòsì ò wò ó. Iná búlúù ti ọsibítù ló ń wò ó, tó bá burú gan-an wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Tí ojú ọmọ bá pọ́n láàárín wákàtí 24 tẹ́ ẹ bí i, ẹ ṣáré. Ẹ sì yọ káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan nílẹ̀ wa ò gba òórùn ẹ̀, àìtó G6PD ni wọ́n ń pè é, káńfọ̀ á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ojú á pọ́n.

Tó bá sì jẹ́ pé gìrì lọmọ ń ní, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ wo aago, ẹ gbé e lọ. Ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ iná, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Àgbo yẹn ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, kì í jẹ́ kó mí dáadáa, òun gan-an ló ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ míì jẹ́ tí wọ́n á fi sọ pé gìrì ló bà á jẹ́.

5. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ọsibítù ńlá. N'Íbàdàn, UCH ni. Ní Ìlú Èkó, LUTH n'Ídí-Àràbà tàbí LASUTH n'Íkẹjà, ní Ifẹ̀, OAUTHC. Ẹ má kàn wọlé kẹ́ ẹ ní "dókítà, ọmọ mi ò sọ̀rọ̀", ẹ ṣí ìwé yín, ẹ ka mẹ́ta nínú ohun tẹ́ ẹ kọ fún un, ẹ fi fídíò hàn án. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè pé kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ìdàgbàsókè ẹ̀ wò, kí wọ́n sì sọ ẹni tẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn wọn, bóyá físíò ni, ẹni tó ń kọ́ ara bó ṣe máa rìn tàbí jókòó dáadáa, tàbí ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ. Tí wọ́n bá ní "ẹ máa wò ó ná", ẹ rọra bi wọ́n pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, títí dìgbà wo?", kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ déètì náà sí káàdì. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìdúró ọdún kan. Tówó tẹ́ẹ̀sì bá wúwo, ẹ béèrè àwọn social welfare tó wà nínú ọsibítù yẹn, iṣẹ́ wọn ni.

Tọ́mọ bá wà láàárín oṣù 16 sí 30, ìbéèrè kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ M-CHAT-R, 20 ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa dáhùn. Kì í sọ pé ọmọ ní ọ́tísìm, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa bá èèyàn lò lọ́nà tó yàtọ̀, o, ó kàn máa sọ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ lọ bá dókítà kíákíá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un dání.

6. Ẹ má dúró de orúkọ àìsàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nílé

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Ó lè gba oṣù kẹ́ ẹ tó rí dókítà, ó lè tún gba oṣù kí wọ́n tó sọ ohun tó ń ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ ilé tí wọ́n máa gbé fún yín lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ lẹ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, kò sì lè pa ọmọ tí ara ẹ̀ yá lára.

Ọmọkùnrin kan wà, ọdún mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan. Mo wá ike kékeré tó hàn nínú, tí ọmọrí ẹ̀ le, mo kó bisikíìtì sí i, mo gbé e fún un. Ó yí i, ó bù ú jẹ, ó gbá a mọ́lẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bá ojú ẹ̀ dọ́gba, mo na àtẹ́lẹwọ́, mo ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn mi. Ìdúró yẹn le ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ, ọwọ́ èèyàn á máa yún un láti ṣí i fún ọmọ. Nígbà tí mo dé ẹ̀jọ, ó gbé ike náà lé mi lọ́wọ́. Kíá mo ní "ṣí!", mo ṣí i, mo fún un ní ègé kan ṣoṣo, mo pa á dé padà. Ègé kan, kó lè tún wá béèrè. A ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyẹn nílé: ẹ gbé ohun tó fẹ́ síbi tó lè rí àmọ́ tọ́wọ́ ẹ̀ ò tó, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó bá yín sọ ọ́ bó ṣe lè sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ìnàka, ìbáà jẹ́ ohùn. Tó bá ní "omi", ẹ̀yin kẹ́ ẹ ní "omi tútù", ẹ fi ẹyọ kan lé tiẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ní "pè é dáadáa!", ẹnu ẹ̀ á pa dé. Tẹ́ ẹ bá ń gé ilá, ẹ máa sọ ọ́, "mò ń gé ilá, gé, gé, ilá ń yọ̀". Ẹ bá a ṣe bojúbojú, torí eré yẹn ló ń kọ́ ọmọ pé ó kàn ọ́, ó kàn mí, orí ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ sísọ dúró lé. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó dára ju wákàtí kan tí gbogbo yín á fi máa bínú.

Fóònù wá ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ò nílò ẹ̀, ọdún méjì sí mẹ́rin ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Mo mọ̀ pé ìyá tó ń dá ṣọ́ ọmọ nílé láti àárọ̀ máa nílò ìsinmi, mi ò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kátúùnù ò lè dúró de ọmọ kó dáhùn.

7. Ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀, ẹ má fi pa mọ́

Àwọn òbí kan ń fi pa mọ́ nítorí wọ́n rò pé a ó lé ọmọ náà, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ níbòmíì. Ẹ mọ̀ pé òfin wà. Òfin tó ta ko ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019, fún ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì, kò sì fàyè gba kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ torí ara ẹ̀. Èkó ti ní tiẹ̀ láti 2011, LASODA ni ọ́fíìsì tẹ́ ẹ máa lọ bá níbẹ̀.

Nínú kíláàsì, ẹ ní kí wọ́n fi í síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà, kó jìnnà sí wíńdò tó dojú kọ títì. Kí tíṣà fọwọ́ kàn án léjìká kó tó bá a sọ̀rọ̀, kó sọ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ya fọ́tò àwọn nǹkan tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oúnjẹ, eré, oorun, ilé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní tẹ̀léǹtẹ̀lé kó lè máa rí ohun tó kàn, ẹkún tó pọ̀ máa dín kù torí ìdààmú ohun tí kò mọ̀ ló ń fà á. Ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn ò ní nà án. Tí kò bá gbọ́, pàṣán ò ní là á létí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje láì jẹun, tàbí kí wọ́n dè é, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

8. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ṣí ìwé náà padà

Ẹ kọ déètì oṣù mẹ́ta síwájú sí ẹ̀yìn ìwé yín lónìí. Tó bá pé, ẹ ka ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ tún fídíò ya níbi kan náà, ẹ fi wé ara wọn. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ padà lọ bá dókítà, ẹ má dúró de àpọ́íńtìmẹ́ǹtì.

Ìwé ọmọkùnrin oníbisikíìtì yẹn, èmi àti ìyá ẹ̀ la jọ ń kọ ọ́. Ojú ewé kìíní: "Ó ju ike mọ́lẹ̀, kò wo ojú mi." Oṣù kejì: "Báyìí, tó bá gbé ike lé mi lọ́wọ́, ó ń wò mí." Oṣù karùn-ún, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, gègé ìyá ẹ̀ ló fi kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ó yọ sí ojú ewé kejì: "Ó ní ṣí."